Àtúnṣe

Tísà Ibiwóyè, ẹ kú àtijọ́.
Èmi ni, ọmọ yín ti kíláàsì kẹta,
tí ẹ fi báírò pupa fa igi bọ̀ lójú ìwé
torí mo gbàgbé àmì ìyọkúrò kan,
àmì tí kò gùn tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Òdo lẹ fún mi.
Ẹ ní, "Ìṣirò kì í wojú ẹnikẹ́ni."
Ẹ ní kí n kọ àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá.
Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi wú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan wá dé, nínú ọyẹ́,
ní pápá iléèwé kan l'Ómù-Àrán:
Arándùn pẹ̀lú Ìjárá, àṣekágbá.
Aṣọ dúdú lẹ wọ̀, fèrè ń fì lọ́rùn yín.
Ẹfun ti tán lọ́wọ́ kómítì,
eérú ààrò búrẹ́dì ni wọ́n fi fa ìlà,
wọ́n da èyí tó ṣẹ́kù sẹ́yìn, nídìí àwọ̀n.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù.
Búsàrí, tó ń ti bárò ẹ̀gẹ́ lọ sílé gaàrí láràárọ̀,
fi ẹsẹ̀ òsì gbá a.
Bọ́ọ̀lù lu igi òkè, ó já sínú òkìtì eérú,
ó ta padà síta
bí àlejò tó ṣi ilé yà.
Aago ọwọ́ yín lẹ ń wò.
Ẹ gbójú sókè, ẹ ní ká máa gbá a lọ.

Mo gbé bọ́ọ̀lù, mo sáré wá bá yín.
Mo ní, "Sà, ẹ wo ikùn rẹ̀, ẹ wo eérú."
Ẹ yọ káàdì.
Pupa kan náà ni, sà. Pupa inú ìwé mi.

Àwọn kan fẹ́ dáná sun alùpùpù yín lọ́jọ́ náà.
Ẹ ò mọ̀.
Bàbá Búsàrí ló jókòó lé e lórí,
kò sọ̀rọ̀, ó ń jẹ obì,
títí ilẹ̀ fi ṣú tí wọ́n fi túká.

Mi ò sọ pé ẹ gbowó.
Ojú èèyàn ni, ojú a máa ṣì.
Àwọn ère Èsìẹ́ ní ojú, wọn kò ríran,
a kì í bi wọ́n léèrè, òkúta ni wọ́n.
Ẹ̀yin, tísà ni yín.

Kómítì ní àwọn yóò wádìí ẹ̀.
Ìwádìí wọ dúrọ́ọ̀ lọ, kò jáde mọ́.
Nígbà tí ọdún yípo,
ẹ̀yin náà lẹ tún fọn fèrè àṣekágbá.

Búsàrí ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá n'Ílọrin báyìí.
Bí mo bá wọ̀ ọ́ ní Gérí Álímì, kì í gbowó mi,
kì í sì í dárúkọ bọ́ọ̀lù.
Fẹ́yíṣetán, aṣọ́lé Ìjárá,
ti jẹ́wọ́ fún mi níbi òkú kan ní Òró.
Ó ń bu ìrẹsì jẹ, kò tilẹ̀ wojú mi.
Ó ní, "Ó wọlé. Mo rí i kedere.
Àmọ́ ta ló bi mí?"

Ẹ ti fẹ̀yìn tì, sà, irun yín ti funfun,
ẹ̀yin náà ti ń fi ọwọ́ wá ìgò ojú yín lórí tábìlì.
N ò wá gba ife.
Ife ti dípẹtà ní Ìjárá.
Ìwé olójú-ewé ogójì kan ni mo mú wá,
àti báírò pupa.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀:
*Bọ́ọ̀lù Búsàrí wọlé. N kò wò ó.*
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
N ò ní lẹ́ẹ̀mẹwàá.
Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń wú.